Òkùnkùn Ló Ń Ṣiṣẹ́ Ẹ̀: Ìdáhùn Sáwọn Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀ṣọ́ Halloween

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. October ti ń lọ sópin, lẹ́tà tó sì wọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Halloween ló kún inú wọn, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ 31 October tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí iwin, tí wọ́n ń gba súìtì láti ilé dé ilé. Àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà àti l'Ìlú Ọba ló kọ èyí tó pọ̀ jù, torí àwọn ọmọ ń ti sùkúù dé, wọ́n ń sọ pé gbogbo ilé àdúgbò ló ti ń dẹ́rù bani, tiwa ńkọ́. Ọdún mẹ́rìnlá nìyí témi àtàwọn ọmọ mi ti ń fọwọ́ ara wa ṣe tiwa ní Maryland níbí, páálí, ike àti aṣọ àlòkù la fi ń ṣe é, nítorí náà ohun tí mo ti fọwọ́ mi ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, àwọn ìbejì mi ti pé ọdún méje. Aládùúgbò wa tó kọjú sí wa gbé eegun èèyàn ńlá kan síwájú ilé, ó ga ju gáréèjì wa lọ, àtìgbà yẹn làwọn ọmọ ò jẹ́ n sinmi mọ́. Ogún dọ́là péré ni mo lè yọ sílẹ̀, kí ni mo lè fi ṣe? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Eegun tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọdún 2020 ni ilé ìtajà Home Depot kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde, gíga ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, nǹkan bí 300 dọ́là ni wọ́n tà á. Ẹ má jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu rárá. Ẹ lọ wò ó ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó rí i pé ike lásán ni, ẹyẹ tiẹ̀ lè bà lé e lórí. Ìgbà tílẹ̀ bá ṣú tán ló ń di nǹkan mìíràn mọ́ ọmọdé lójú. Òkùnkùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, òkùnkùn tó wà níwájú ilé wọn náà ló sì wà níwájú ilé tiyín, kò sẹ́ni tó fowó ra tiẹ̀. Ohun tó kù ò ju kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé iná sí.

Fèrèsé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó àwọn páálí tí wọ́n fi gbé ọjà wá sílé jọ, ẹ jẹ́ kí Táyé na ọwọ́ ẹ̀ lé ọ̀kan lórí látorí ìgbọ̀nwọ́, kí Kẹ́hìndé fi máákà tọ etí ẹ̀ yípo, lẹ́yìn náà kẹ́yin fa ìka kọ̀ọ̀kan gùn títí á fi tó ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ wá ṣe èékánná ṣóńṣó sí i lórí. Ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi mọ́ọ̀pù. Ẹ ta bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun bo fèrèsé látinú, ẹ gbé láǹpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ wá fi ọwọ́ páálí yẹn sáàárín láǹpù àti ṣíìtì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wí o, ẹ má gbé láǹpù sórí tábìlì, torí tí iná bá ń ti ìsàlẹ̀ wá òjìji á máa gùn lọ sókè ni, tẹ́ ẹ bá sì ti ń sún ọwọ́ yẹn mọ́ láǹpù lá máa tóbi sí i, ẹni tó bá wà lóde á rí ọwọ́ tó gba gbogbo fèrèsé kan. Ẹ fi igi náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n máa rọra yí i bí àlejò bá ń bọ̀. Mo ti rí bàbá ńlá kan tó fò sẹ́yìn nítorí ẹ̀, páálí tí wọ́n fi gbé bàtà wá la sì fi ṣe é.

Gálọ́ọ̀nù mílíìkì náà, ẹ má jù ú nù. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó má baà rùn, ẹ fi máákà dúdú ya ojú àti ẹnu tó là sílẹ̀ gbàgà sí i lára, ẹ gé ihò sẹ́yìn ẹ̀, ẹ ki iná Kérésì tẹ́ ẹ ti kó pamọ́ láti December wọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e lọ. Mẹ́fà tàbí méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti tó.

Páálí roboto tó máa ń kù nínú tíṣù tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ gé ihò ojú méjì sí i lára, kó dagun díẹ̀ bí ojú ẹni tínú ń bí, ẹ ki igi ike tó ń tàn nínú òkùnkùn wọ inú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ kó dún pọ́ kó tó tàn, ẹ fi í pamọ́ sáàárín òdòdó. Ojú nìkan làwọn ọmọ máa rí. Iná ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ tàn án ṣá o, òun ni àmì tí àwọn ọmọ fi ń mọ ilé tó ń fúnni ní súìtì, kí wọ́n má sì fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fúláàtì council ni mo wà ní Peckham, àjà kẹta, wọn ò gbà ká kó ohunkóhun sí kọ́rídọ̀. Mo rí iwin funfun kan lórí fóònù tó ń dá dúró lórí tábìlì, tí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? – Bọ̀dá Peckham

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ kọ́rídọ̀ yẹn, ẹ bá wọn pa á mọ́, tíná bá ṣẹ́ yọ ọ̀nà yẹn nìkan lẹ máa gbà sá jáde. Ti iwin yẹn wá, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa mọ̀ ni, sítáàṣì ni gbogbo ẹ̀. Àwọn aládìrẹ wa l'Abẹ́òkúta àti n'Ìbàdàn, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ kí aró má baà mú ibẹ̀, òun là ń pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ tó bá ti mu sítáàṣì tó sì gbẹ, ó ti le nìyẹn, bẹ́ ẹ bá ṣe gbé e kalẹ̀ náà lá ṣe dúró.

Ẹ wá kọ́tìnì àwọ̀n àtijọ́ tàbí báńdéèjì fífẹ̀ kan, aṣọ tó fẹ́lẹ́ lẹ fẹ́, èyí tó bá nípọn á wúwo jù á sì wó. Ẹ gbé ìgò Coke lítà méjì kalẹ̀, ẹ fẹ́ bàlúùnù kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí, ẹ tẹ wáyà hángà méjì kí wọ́n dà bí apá tó nà síwájú, ẹ wá fi náílọ̀n wé gbogbo ẹ̀ kí aṣọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi omi tútù po síbí kọnfúláwà mẹ́ta, ẹ da omi tó ń hó lé e lórí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ mímu. Funfun lá kọ́kọ́ rí, ó máa dédé yí padà lójú yín ni, á mọ́ gaara, á fà. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró. Tọ́wọ́ bá ti lè gbà á, ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ dà á bo ìgò yẹn, ẹ fi ìka to ìṣẹ́po ẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tẹ́ lórí tábìlì bí aṣọ ìyàwó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún bàlúùnù, ẹ rọra fa ìgò jáde lábẹ́. Ẹ lẹ ojú dúdú méjì mọ́ ọn, ẹ gbé e sí fèrèsé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré lábẹ́ ẹ̀. Òjò ò gbọdọ̀ kàn án o, á yọ́ padà di ẹ̀kọ ni.

Ẹ sì tètè ṣe é. Lọ́dọ̀ yín ní London, Sunday tó kẹ́yìn nínú October ni wọ́n ń yí aago padà, nítorí náà tó bá fi máa di ọjọ́ 31 wọ́n ti yí i ná, oòrùn á ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tiwa l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007 a ò yí i títí di Sunday àkọ́kọ́ nínú November, a ṣì ń ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ Peckham á ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, Chicago ni mo wà. Lọ́dún tó kọjá mo gbẹ́ ojú sára elégédé mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ October, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti rà, wọ́n ń rùn, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ìyókù. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? – Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ yára gbẹ́ ẹ jù ni. Elégédé tí ò sí ojú ọgbẹ́ lára ẹ̀ lè jókòó fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ní kété tọ́bẹ bá ti wọ̀ ọ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn bí oúnjẹ tí wọ́n ti gé, ẹ má retí ju ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lọ. Nítorí náà ẹ rà á báyìí, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ 28. Ẹ má sì gé e lórí, ẹ̀yìn tàbí ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà wọlé, tí wọ́n bá gé orí ẹ̀ ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wó. Ẹ fi síbí irin ha inú ẹ̀ títí gbogbo okùn okùn yẹn á fi tán, omi tó wà lára okùn yẹn ló ń mú un rà. Ẹ da síbí bíliìṣì kan sínú gálọ́ọ̀nù omi kan, ẹ fi nu inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi Vaseline pa etí gbogbo ibi tẹ́ ẹ gé. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án ẹ gbé e sí ibòji.

Ìpínlẹ̀ yín náà ni elégédé pọ̀ sí jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, Illinois, àgbègbè Morton lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peoria, àmọ́ ti inú agolo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ jù. Tàwọn ará Ireland àti Scotland láyé àtijọ́ kì í ṣe elégédé rárá, turnip, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń jẹ, ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n ń tan iná sí nínú, ìgbà tí wọ́n ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni wọ́n bá elégédé pàdé, ó tóbi jù, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Ẹ kó irúgbìn inú ẹ̀ pamọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ yan án nínú ààrò, ó máa ń dùn bí ẹ̀gúsí yíyan. Ara ẹ̀ ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi elégédé se ọbẹ̀ ẹ ra kékeré tí wọ́n ń pè ní ti pie.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa ni ọ̀rọ̀ àbẹ́là. Lọ́dún kan mo tan àbẹ́là gidi sínú elégédé lórí àtẹ̀gùn, mo sì so ìlẹ̀kẹ̀ ewé gbígbẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà kó lè rẹwà. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀ iná ti gun ìlẹ̀kẹ̀ yẹn dé àárín ìlẹ̀kùn, aṣọ gígùn tí ọmọ mi wọ̀ sì wà níwọ̀n apá kan sí i. Omi tí mo fẹ́ fi fọ aṣọ ni mo gbé dà á. Ọmọ ò fara pa, mo dúpẹ́ títí dòní, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn àbẹ́là oníbátìrì nìkan ló ń wọ ilé mi, ẹ dákun, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọ̀sán mà. Ìyá bàbá mi fi aṣọ òkè àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ rán an mọ́ra kí n fi ṣe egúngún sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Halloween, kí àwọn òyìnbó àdúgbò mọ̀ pé àwa náà ní tiwa. Ọkọ mi ní òun ò fara mọ́ ọn. Ẹ bá wa dá sí i. – Ìyàwó Ilé, Atlanta

ÌDÁHÙN: Aya wa, ọkọ yín ló gbọ́n o, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wo bí èdè wa ṣe là á: eegun lohun tó wà lára olúkúlùkù wa, eégún lará ọ̀run. Àmì orí ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì sì jìn. Àwọn tó gbé eegun onike síwájú ilé, ohun ìṣeré ni, wọn ò pe baba ẹnikẹ́ni. Eégún ìdílé ní ẹni tó ni ín, ó ní Aláàgbáà tó ń ṣe olórí ẹ̀, ìdílé mìíràn ń fi aṣọ tuntun kún tàtijọ́ lọ́dọọdún títí aṣọ náà á fi wúwo, tó bá sì jáde ó ń súre ni, àwọn àgàn ń kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ń bani lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ọ̀wọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ súìtì, ohun tí ọmọ yín máa mọ̀ nípa ẹ̀ títí ayé nìyẹn. Abúlé Yorùbá kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀yọ́túnjí wà ní South Carolina, kò jìnnà sí yín jù, ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n ń ṣọdún Egúngún níbẹ̀, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ kí wọ́n rí i ní àyè tiẹ̀. Aṣọ ìyá àgbà, ẹ ká a, ẹ dá a padà sínú àpótí, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn yín ò burú o, pé kí nǹkan Yorùbá kan wà níwájú ilé. Inú àlọ́ ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ṣé ẹ rántí egbére? Iwin kúkúrú tó máa ń gbé ẹní kiri nínú igbó tó ń sunkún, tí wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní ọwọ́ ẹ̀ á lówó, àmọ́ á ní láti fara da ẹkún ẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, mi ò tíì ṣe ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn tó o. Gálọ́ọ̀nù òróró ni ara ẹ̀, mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo rọ́ ìwé ìròyìn rógódó fún orí, mo fi téèpù bébà wé orí náà mo sì kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ eérú. Ojú ẹ̀ tóbi. Gúlù gbígbóná ni mo fi kán omijé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, mo jẹ́ kó ṣàn sílẹ̀ kó gbẹ bẹ́ẹ̀, tíná bá kàn án bàyìí omijé yẹn á máa dán, ẹ ó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já bọ́ ni. Mo ká ẹní kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ, mo fi há a lábíyá, mo fi fóònù àtijọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ tó ń dún ẹkún jẹ́jẹ́. Gígùn ẹ̀ ò ju orúnkún mi lọ. Gbogbo ọmọ tó dé ló ń bèèrè pé kí ló ń pa á lẹ́kún, ọmọ mi obìnrin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ àlọ́ náà fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bi wọ́n léèrè pé ṣé wọ́n á gba ẹní náà. Bẹ́ ẹ bá sì ní gèlè dúdú tó ti pẹ́, èyí tó le gan-an yẹn, ẹ ṣẹ́ ẹ po bí abẹ̀bẹ̀, ẹ so àárín ẹ̀, ìyẹ́ àdán ti dé nìyẹn, ẹ gbé e kọ́ lókè kó dorí kodò kó máa wòṣe ẹyẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ṣé òwú aláǹtakùn tí wọ́n ń tà nínú náílọ̀n yẹn dáa? – Ọmọ sùkúù, Baltimore

ÌDÁHÙN: Nínú ilé, ó dáa. Lóde, má lò ó, ẹyẹ àti oyin máa ń há sínú ẹ̀ wọn ò sì ní rọ́nà jáde. Mú náílọ̀n ìdọ̀tí dúdú kan, là á kó di awẹ́ kan ṣoṣo, ṣẹ́ ẹ po ní igun mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, wá máa gé ihò tó tẹ̀ bí òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, má gé e já. Tóo bá tú u, wà á rí okùn aláǹtakùn tó tó ìlẹ̀kùn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè lo eegun ẹran tó kù nínú ọbẹ̀? – Ìyá Ọlọ́bẹ̀, London

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ti ewúrẹ́ ló dáa jù. Ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ha gbogbo ẹran ara ẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú hydrogen peroxide tó wà ní kẹ́míìsì di ọjọ́ kejì, ẹ sá a. Ẹ má lo bíliìṣì, ó máa ń jẹ eegun ni. Kí ajá má rí i o, eegun tó ti jiná máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó lè gún un nínú.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ń fẹ́ nǹkan tó ń dẹ́rù bani, òun ń sunkún tó bá ti rí i. Ṣé kí n má ṣe é mọ́ ni? – Ìyá Àbúrò, New Jersey

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣe é, àmọ́ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí àbúrò wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lẹ ojú mọ́ iwin, òun ni kó sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tílẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé e sẹ́sẹ̀ yín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, kó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ lá máa tàn án tá á máa pa á, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ bá a pa á. Èmi rí i lára àbíkẹ́yìn mi: ó tan tọ́ọ̀ṣì náà, ó pa á, ó tún tàn án, bíi ìgbà ogún, ó ń wò ó bí òjìji ṣe ń dé tó sì ń lọ, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn dání lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ níbi tọ́wọ́ ẹ̀ á ti tètè bà á.